Àwọn àna wa láti Valencia ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí paella fún wọn. Ẹ gbà mí o!

ÌyáÌbejì_Lewisham · Mọ́ńdè, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin gbéyàwó lọ́dún tó kọjá. Ọmọ Sípéènì ni ìyàwó wa, ará Sueca, ìlú kan ní gúúsù Valencia. Wọ́n ti bímọ, a sì fẹ́ ṣe àpèjẹ ọmọ náà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn òbí ìyàwó ń wọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ti sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n má ṣèyọnu, èmi ni màá se paella, oúnjẹ ìrẹsì ilẹ̀ wọn. Gbogbo wa á tó èèyàn 15.

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo fọ ìrẹsì bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́, mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù, mo wá dà á sínú ìkòkò ńlá mi pẹ̀lú edé àti àwọn oníkarahun dúdú tí wọ́n ń pè ní mussels. Mo dé e pa. Mo ń rò ó láti ìsàlẹ̀ kó má baà jóná. Ó di tùwó. Àwọ̀ rẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n tùwó ni. Ọkọ mi béèrè bóyá ẹ̀gúsí ṣì kù nínú fíríìjì.

Ààro gáàsì olójú mẹ́rin ni mo ní nínú ilé, mo sì ní ọgbà kékeré lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú · Mọ́ńdè, 9:31 àárọ̀

Àǹtí, ẹni tó bá lọ se ìkọ́kọrẹ́ fún ìyá mi ní Ìjẹ̀bú Òde, ó mọ ohun tó ń wá. Ẹ se jọ́lọ́ọ̀fù fún wọn, ẹ dín dòdò, ẹ jókòó. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ gbé oúnjẹ olóúnjẹ fún olóúnjẹ?

Alásè_Albufera · Mọ́ńdè, 10:02 àárọ̀

Ẹ kú oríire ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé ìdáná kan ní El Palmar, abúlé kan tó wà láàárín Albufera, adágún odò tí wọ́n ń gbin ìrẹsì yí ká ní gúúsù ìlú Valencia. Àwo ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀. Ọdún kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan páànù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tùwó yẹn ti wá. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe sí ìrẹsì yẹn ló yẹ jọ́lọ́ọ̀fù, kò sì sí ọ̀kan tó yẹ paella nínú wọn. A kì í fọ̀ ọ́. A kì í bọ̀ ọ́. A kì í dé e lórí iná. Tí omi bá ti bò ó, a kì í rò ó mọ́, kódà kí ọwọ́ máa yún yín. Tí ẹ bá ń rò ó, sítáàṣì ara rẹ̀ á máa tú sínú omi, yóò sì ki bí ògì.

Lẹ́yìn náà, ìkòkò. Páànù ni wọ́n ń pè ní paella ní èdè Valencia kó tó di orúkọ oúnjẹ. Páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó fẹ̀, kò jìn, ó ní etí méjì. Ìdí tó fi fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ìrẹsì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí omi máa fẹ́ lọ láti òkè, kí ìsàlẹ̀ sì máa yan. Ẹ gbé ìka yín kan sùn sórí tábìlì. Ìrẹsì inú páànù kò gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Fún èèyàn 15, ẹ wá páànù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60.

Ojú kan ṣoṣo lórí ààro yín kò lè gbé ìyẹn o. Àárín nìkan ni yóò jiná, etí rẹ̀ á máa wò yín. Ẹ wá ààro gáàsì roboto tí iná rẹ̀ tò ní òbìrí-òbìrí, ọ̀kan nínú ìkejì. Àwọn tó ń yáni ní ohun èlò àríyá máa ń ní in. Ẹ gbé e sí ọgbà.

Ìbéèrè kan: ará Sueca gan-an ni wọ́n?

ÌyáÌbejì_Lewisham · Mọ́ńdè, 10:20 àárọ̀

Ará Sueca pọ́ńbélé. Bàbá náà tilẹ̀ ní oko ìrẹsì. Kí ló dé tí o fi béèrè, àbúrò mi? Àyà mi ti ń já.

Alásè_Albufera · Mọ́ńdè, 10:47 àárọ̀

Yéè.

Ẹ̀gbọ́n, láti 1961 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje paella valenciana ní Sueca, àwọn alásè ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá síbẹ̀. Ilé wọn gan-an ni ẹ fẹ́ lọ jà sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní paella valenciana, ó ní òfin: adìyẹ, ehoro, ẹ̀wà tútù pẹlẹbẹ, ẹ̀wà funfun ńlá tí wọ́n ń pè ní garrofó, tòmátì, òróró ólífì, saffron tó jẹ́ fọ́nrán òdòdó, iyọ̀, omi, ìrẹsì. Àwọn kan ń fi ìgbín sí i, àwọn kan ń fi ewé rosemary. Ẹ fi àlùbọ́sà sí i, kí ẹ wo ojú wọn. Àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń sè é, kò sì sí bí ẹ ṣe lè se é tí kò ní rí nǹkan sọ. Nítorí náà, ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Ẹ se paella de marisco, èyí tó jẹ́ edé àti àwọn ohun inú òkun nìkan. Àwọn ará etíkun ló ni ín, òfin rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ará oko ìrẹsì kò sì ní ka àṣìṣe yín sí ẹ̀ṣẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

Ọ̀sán ni kí ẹ pè wọ́n wá jẹ ẹ́ o. Oúnjẹ ọ̀sán ni, pàápàá ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ń jẹ paella lálẹ́ ní Valencia, àlejò ni.

Bàbá_Olóko · Mọ́ńdè, 12:38 ọ̀sán

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kà yín. Irú ìrẹsì wo gan-an ni? Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe bomba, bí ẹni pé ogun ni. Ṣé ọ̀fadà ò lè ṣe é ni?

Alásè_Albufera · Mọ́ńdè, 1:15 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán sà. Ọ̀fadà á pẹ́ jù lórí iná, omi á ti gbẹ kó tó rọ̀, òórùn rẹ̀ á sì bo ti ẹja mọ́lẹ̀. Ìrẹsì gígùn tí a ń fi se jọ́lọ́ọ̀fù náà kò dára fún un, torí wọ́n ti bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tà á, kì í fa adùn omi wọnú dáadáa.

Ìrẹsì kúkúrú ni wọ́n ń gbìn ní Albufera. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń fúnrúgbìn, wọ́n ń kórè ní Oṣù Kẹsàn-án. Senia àti bahia máa ń fa adùn mu ju bomba lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì péré tí ojú ẹ bá kúrò lára wọn, wọ́n ti rọ̀ jù. Bomba ní sùúrù. Ó máa ń wú láìbẹ́. Fún ẹni tó ń se é nígbà àkọ́kọ́ lójú àna, bomba ni mo yàn, ọ̀wọ́n ni ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀. Inú àpò aṣọ kékeré ni wọ́n sábà máa ń tà á sí.

Àdùkẹ́_Onídìrí · Mọ́ńdè, 8:05 alẹ́

Ẹ dákun, ṣé a lè fi magí sí i? Àti pé ṣé dandan ni saffron yìí? Owó tí wọ́n dá lé e ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé wúrà ni wọ́n lọ̀.

Alásè_Albufera · Mọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, magí kọ́. Omi egungun ẹja ni magí rẹ̀, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ní ti saffron, fọ́nrán pupa mẹ́ta péré ló wà nínú òdòdó kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a níkọ̀ọ̀kan. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Gíráàmù kan tó fún èèyàn 15. Ẹ yan án díẹ̀ nínú páànù gbígbẹ, ẹ gún un nínú odó kékeré, ẹ bu omi ẹja gbígbóná lé e.

Àṣírí kan: ọ̀pọ̀ ilé ní Sípéènì ni kì í lo saffron lójoojúmọ́. Wọ́n ní àtíkè àwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n ń bù sí i. Àwọ̀ nìkan ló ń mú wá, kò dùn kò kan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn nílé, àlejò ò gbọdọ̀ ṣe é fún wọn.

Ẹlẹ́ran_Leeds · Túsídè, 7:22 àárọ̀

Èmi jẹ paella kan níbí tí wọ́n gé chorizo sí, sọ́séèjì pupa yẹn. Ó dùn débi tí mo fi lá àwo. Ẹ fi sí i jàre.

Alásè_Albufera · Túsídè, 7:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ fẹ́ tú ìgbéyàwó ká. Ní 2016, Jamie Oliver tó jẹ́ alásè ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé paella tó ní chorizo sórí Twitter. Odindi Sípéènì ló dìde sí i. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Valencia ni "arròs amb coses", ìyẹn ìrẹsì àti àwọn nǹkan. N kò sọ pé kò dùn o. Epo àti ata chorizo á bo edé mọ́lẹ̀ ni, owó edé á sì ti lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú · Túsídè, 8:01 àárọ̀

Ìrẹsì àti àwọn nǹkan! Mo ti rí orúkọ fún ohun tí ìyàwó mi sè lánàá.

Alásè_Albufera · Túsídè, 10:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ráyè báyìí. Ẹ bá mi ká lọ.

Ìrẹsì kílò 1.5, ìyẹn gíráàmù 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Omi ẹja líta 4.5, kí líta kan sí i máa hó nítòsí. Edé ńlá elórí 30, squid, ẹran òkun rírọ̀ ọlọ́wọ́ púpọ̀ yẹn, bíi kílò kan, mussels kílò 1.5. Tí ẹ bá rí àwọn oníkarahun funfun kéékèèké, ẹ rẹ wọ́n sínú omi oníyọ̀ fún wákàtí bíi méjì kí wọ́n pọ iyanrìn inú wọn jáde.

Alẹ́ ọjọ́ Fúráìdè ni omi ẹja. Ẹ gba egungun àti orí ẹja funfun lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, ẹ má lo ẹja olọ́ràá bíi títọ́sì, ó máa ń korò. Ẹ din orí edé bíi mélòó kan nínú òróró, ẹ fi ìdí ṣíbí tẹ̀ wọ́n kí omi pupa inú wọn jáde. Ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ da omi líta 6 lé e pẹ̀lú egungun, ẹ jẹ́ kó hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ tọ́ ọ wò: kí iyọ̀ rẹ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ìrẹsì á mu ún, ẹ kò sì ní lè fi iyọ̀ sí i dọ́gba mọ́ tó bá yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kọ́kọ́ gbé páànù sórí ààro, kí ẹ da òróró ólífì sí i, kí ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ. Tó bá ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, páànù yín kò dọ́gba nìyẹn. Ẹ fi nǹkan tì í lẹ́sẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á di tùwó, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa dún lẹ́nu bí òkúta.

Ẹ din edé ní ìṣẹ́jú kan lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn jáde. Squid tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ ló kàn. Yóò sun omi, ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ. Áyù díẹ̀, lẹ́yìn náà tòmátì tí ẹ ti rin, bíi mẹ́fà. Ẹ mọ bí a ṣe ń din ata títí òróró á fi yọ sójú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ bu pimentón dídùn, lẹ́búlẹ́bú tàtàṣé ilẹ̀ Sípéènì, ṣíbí ọbẹ̀ méjì lé e, ẹ yára, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń jóná tó sì ń korò. Ẹ da ìrẹsì sí i, ẹ yí i pọ̀ kí òróró kan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ káàkiri. Ẹ wá da omi ẹja tó ń hó pẹ̀lú saffron lé e lórí.

Ẹ gbé ṣíbí kúrò lọ́wọ́. Tí ẹ bá lè fi í sílé, ẹ fi í sílé.

Iná ńlá fún ìṣẹ́jú 8, títí ìrẹsì á fi yọjú lókè omi. Iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10. Tó bá ku bíi ìṣẹ́jú 5, ẹ to edé àti mussels sórí rẹ̀, mussels tí ẹ ti fi ooru omi ṣí ẹnu wọn nínú ìkòkò mìíràn. Èyí tí kò bá yanu, ẹ jù ú nù. Ẹ sẹ́ omi tó jáde lára wọn, ẹ dà á mọ́ ti ẹja.

Ìṣẹ́jú kan tó kẹ́yìn, ẹ gbé iná sókè, ẹ dẹ etí. Ariwo rẹ̀ á yí padà: kò ní máa hó mọ́, á máa ta pàrà-pàrà bí ohun tí à ń dín. Òórùn rẹ̀ á dà bí ti búrẹ́dì tí a yan. Ìsàlẹ̀ ló ń gan yẹn, wọ́n ń pè é ní socarrat. Ìsàlẹ̀ ìkòkò jọ́lọ́ọ̀fù àríyá tí ẹ ń jà lé lórí ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Ẹ paná. Ẹ da aṣọ mímọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú 5.

Arábìnrin_Ọjọ́Keje · Wẹ́sídè, 6:15 àárọ̀

Ọmọ ìjọ Adventist ni mí, a kì í jẹ edé tàbí ohunkóhun tó ní ìkarahun. Tí irú wa bá wà nínú àlejò ńkọ́? Ṣé kí n kàn ṣa edé kúrò?

Alásè_Albufera · Wẹ́sídè, 6:58 àárọ̀

Rárá, ìyá. Edé ti wà nínú omi, ó ti wà nínú ìrẹsì. Ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ edé, ó lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Páànù kékeré lọ́tọ̀, omi lásán, ẹ̀wà tútù àti tàtàṣé, ṣíbí lọ́tọ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ sè é kí ọwọ́ tó kan edé.

ÌyáÌbejì_Lewisham · Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Ó rẹ̀ mí dé egungun.

Atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ bà mí jẹ́. Iná gáàsì ń sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ mi wá gbé pákó méjì dúró tì í bí ẹni tó ń kọ́lé. Bàbá ìyàwó jáde wá sí ọgbà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó yí páànù ká lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ààro. Ó ya etí páálí kan, ó ká a, ó fi ti ẹsẹ̀ ààro tó wà lápá odi. Páànù dọ́gba. Ó tún kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Mi ò rò ó! Ọwọ́ mi ń yún mi, mo bá kó fóònù lé e. Ìgbà tó ku díẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà, àyà mi já, mo fẹ́ paná. Bàbá ní "no, no", ó gbé ìka kan sókè, ó dẹ etí, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù. Ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá ogójì. Ó wá ní "ara", mo sì paná. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Inú páànù ni wọ́n ti jẹ ẹ́ o. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, oníkálukú mú ṣíbí, ó ń jẹ láti iwájú tirẹ̀ wọ àárín, kò ní ré kọjá sí ti ẹnìkejì. Màmá wa ní òun ò mọ irú ẹ̀, kí wọ́n bu tòun sí abọ́ kí wọ́n sì fi dòdò sí i. A fi sí i. Mo rí ìyá ìyàwó tó ń wo dòdò yẹn, nígbà tó yá ó fa abọ́ màmá sún mọ́ra.

Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí atẹ́gùn le díẹ̀. Bàbá fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ àárín, ó gbé èyí tó gan náà wò lójú oòrùn, ó jẹ ẹ́, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa ní ó ní iyọ̀ ló kù díẹ̀. Mo ní kí ló tún sọ? Ó ní kò sọ nǹkan mìíràn, pé kí n lọ sùn, òun ò tíì gbọ́ kí bàbá òun rí ẹ̀sùn kan ṣoṣo sọ rí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú, mo gba ìmọ̀ràn tìrẹ náà. Mo se jọ́lọ́ọ̀fù sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ogun bá lọ dé. Bàbá jẹ àwo mẹ́ta.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú · Sọ́ńdè, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Mo wí bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Lewisham · Mọ́ńdè, 8:10 àárọ̀

Alásè, yọjú. Mo bu omi sí páànù náà, mo fi í sílẹ̀ sí ọgbà mọ́jú. Mo jí lówùúrọ̀, ó ti pọ́n fòò. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Alásè_Albufera · Mọ́ńdè, 8:33 àárọ̀

Kò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Irin lásán ni, ó máa ń dípẹtà kíákíá. Ẹ fi kànìnkànìn onírin àti ọtí kíkan ha á, ẹ ṣan án, ẹ gbé e sórí iná kó gbẹ pátápátá, ẹ wá fi òróró díẹ̀ nù ún tinú-tẹ̀yìn kí ẹ tó gbé e kọ́. Ẹ má sun ún sínú omi mọ́.

ÌyáÌbejì_Lewisham · Mọ́ńdè, 1:27 ọ̀sán

Ó ti ń dán. Ẹ ṣé o, àbúrò mi. Bàbá pe ọmọ rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú pé àwọn ń padà bọ̀ ní Oṣù Kẹjọ, òun fúnra òun á kó ìrẹsì oko òun wá, kí èmi sì wá ehoro sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ibo ni wọ́n ti ń ta ehoro?